Jíìpù Tó Ń Kú Lẹ́nu Ọ̀nà Àwọn Oníkàkí

Ẹ bá mi gbé ohùn sókè fún Ọba tí ń tú ìgbèkùn sílẹ̀! Ẹ tún un ṣe, èyí kò tíì dé òpópónà. Halelúyà!

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. Èmi ò ní jókòó. Láti Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ti mú ọkọ mi ni ìdí mi ò ti gba àga mọ́, àní bí wọ́n ti fi í sílẹ̀ yìí náà, ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Bàbá Tèmi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ kúkú jókòó, ẹ ti rù.

Ẹ mọ iṣẹ́ ọkọ mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe káàkiri àwọn ọ́fíìsì Bonanjo. Ẹ sì mọ jíìpù rẹ̀, èyí tó rà lọ́wọ́ òyìnbó onígẹdú kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ti gbó, àwọ̀ ewé sì ni, àwọ̀ ewé ti sójà gan-an. Mo sọ nígbà náà pé, "Bàbá Tèmi, lásìkò tí wọ́n ń bá Nàìjíríà jà lórí Bàkásì yìí, kí ọmọ Nàìjíríà máa wa ọkọ̀ aláwọ̀ sójà kiri Douala?" Ó ní ọkọ̀ tó lágbára ni, pé òjò kì í dá a dúró. Òótọ́ ni, òjò ò dá a dúró. Pọ́m̀pù epo ló ń dá a dúró.

Àbúrò mi Múyìíwá, tó ń ṣe mẹkáníìkì nítòsí ilé wa ní PK8, ló là á yé wa. Pọ́m̀pù yìí ló ń fa bẹntiróòlù látinú táǹkì wá sínú ẹ́ńjìnnì, rọ́bà inú rẹ̀ sì ti gbó. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á fà á dáadáa. Tó bá ti gbóná, kò ní lè fà á mọ́, ọkọ̀ á kú. Tó bá tún tutù, á jí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Láti PK8 dé Bonanjo ni ìrìn tó ń mú un gbóná débẹ̀. Ibi tó sì máa ń kú sí ni iwájú ọ́fíìsì àwọn oníkàkí kan, pẹ̀lú àkàbà, páìpù àti wáyà tó kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wọ kàkí, kí lẹ máa rò?

A kúkú ti ra pọ́m̀pù tuntun. Ó wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì wa. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa níbí. Ohun tuntun kì í wọ iṣẹ́ láìjẹ́ pé a gbé e wá síwájú pẹpẹ kí Pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Bàtà ọmọ, ẹ̀rọ ìránṣọ, ìkòkò, gbogbo rẹ̀ là ń gbé wá. Pásítọ̀ wà ní Limbe fún ìsọjí. Ọkọ mi ní ká dúró di Sunday, èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Múyìíwá fi wá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a ò kúkú ní ṣèrìbọmi fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, jíìpù kú síbi tó máa ń kú sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà sì rèé, rédíò ti sọ pé ìbọn tún ń dún ní Bàkásì. Àwọn oníkàkí jáde sí ọkọ mi. Ó fi káàdì ìgbélùú rẹ̀ hàn, ó pé. Ó ní ọkọ̀ òun ló bàjẹ́. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, ni ọ̀gá wọn tí wọ́n ń pè ní Kọ̀mándàn bá wọnú jíìpù, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọjọ́ tí kò yẹ kó jí ló yára jí.

"Mọ́síyọ̀, ọkọ̀ yín ò bàjẹ́," ni Kọ̀mándàn wí. "Ọ́fíìsì wa lẹ̀ ń ṣọ́. Wáyà ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ta lẹ̀ ń fi bá sọ̀rọ̀?"

Ọkọ mi ní wáyà amúlétutù ni. Wọ́n tì í mọ́lé.

Nígbà tí ìròyìn kàn mí ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò rántí ti ilẹ̀kùn. Mo bá Múyìíwá wọ takisí lọ síbẹ̀. Kọ̀mándàn ò tilẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ gbé irin yìí kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọkọ yín á dúró síbí. Lọ́jọ́ Ajé, ó ń lọ sí Yaoundé, kí àwọn tó jù mí lọ bi í léèrè." Ẹ̀sùn amí ni, ẹ̀yin ará. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún irú wa lásìkò yìí. Mi ò ní sọ ọ́ tán níwájú àwọn ọmọdé.

A wa jíìpù délé, mo wá ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde. Múyìíwá gbé páálí pọ́m̀pù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi sí i báyìí. Lọ́la a máa gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ yín. Àbí ẹ tún fẹ́ kó kú níwájú àwọn èèyàn yẹn?"

Mo ní, "Rárá. A ò tíì gbàdúrà sí i."

"Ọkọ yín wà ní àtìmọ́lé, àdúrà pọ́m̀pù lẹ̀ ń sọ!"

Ó bínú, ó ju sípánà sílẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ mi ò bọ́gbọ́n mu, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n a ti bá Ọlọ́run sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ fi ẹjọ́ tirẹ̀ kún ẹjọ́ àwọn oníkàkí. Alágídí ni mí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí.

Ilẹ̀ mọ́ ní Jímọ̀, òjò ti ba ọ̀nà àdúgbò wa jẹ́, takisí kankan ò wọlé. Jíìpù nìkan ló lè la ẹrẹ̀ yẹn já. Múyìíwá fi àkísà tútù wé pọ́m̀pù kó má baà gbóná. Àkísà gbẹ lọ́nà. A dé iwájú ọ́fíìsì yẹn, jíìpù húkọ́, ó kú. Kọ̀mándàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ó wò mí, ó wo abọ́ ìrẹsì tó wà lórí ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ̀yin náà, Màdáàmù?"

Mi ò mọ ibi tí ẹ̀rù mi gbà lọ. Mo ní kó wọlé, kó wà á fúnra rẹ̀. Mo ní, "Papa, tí kò bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ ti èmi náà mọ́lé ti ọkọ mi." Múyìíwá ń fà mí láṣọ. Kọ̀mándàn wò mí títí, ó ní ó dára. A dúró kí ọkọ̀ tutù, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó jí. Èmi jókòó tì í, Múyìíwá wà lẹ́yìn láàárín wáyà.

A yí Bonanjo ká, a forí lé Bonapriso. Jíìpù ń lọ geerege. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Màdáàmù," ni Kọ̀mándàn ń wí. Ẹ̀yin ará, mo wá gba àdúrà tí mi ò gbà rí láyé mi. Mo ní, "Olúwa, ba ọkọ̀ yìí jẹ́. Bàbá, pa á, pa á kíákíá." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ jókòó. Èmi ló wà nínú ọkọ̀ náà.

Nítòsí súpámákẹ́ẹ̀tì kan ló húkọ́, ó kú sáàárín títì. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Kọ̀mándàn yí kọ́kọ́rọ́ títí, òfo. Ló bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kàkí rẹ̀, ó bá wa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàtà rẹ̀ wọnú omi. Múyìíwá ṣí imú ọkọ̀. Kọ̀mándàn fọwọ́ kan pọ́m̀pù, ó yára fà á kúrò. Fúnra rẹ̀ ló di àkísà tútù mú mọ́ ọn títí ó fi tutù, tí ọkọ̀ fi jí.

"Kí ló dé tí ọkọ yín ò pààrọ̀ rẹ̀?"

Mo ní tuntun wà nílé, ọjọ́ Sunday tí Pásítọ̀ máa gbàdúrà sí i la ń dúró dè.

Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò sórí ìdarí ọkọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún mi gan-an! Mo ní irọ́ ni. Àmọ́ amí wo ló máa pa irú irọ́ yìí?"

Ẹ jẹ́ kí n mí. Tí Múyìíwá bá ti fi pọ́m̀pù yẹn sí i ní Ọjọ́bọ̀, jíìpù ì bá sáré yí Douala ká lọ́wọ́ Kọ̀mándàn, ọkọ mi ì bá sì di òpùrọ́. Ọlọ́run ló so ẹnu mi mọ́ agídí yẹn. Mo dúpẹ́, Bàbá. Mo tún dúpẹ́.

Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kọ̀mándàn tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Lónìí ni kí ẹ fi tuntun sí i o. Tí Ọlọ́run yín bá bínú, ẹ ní èmi ni mo pàṣẹ." Pásítọ̀, ẹ foríjì wá, a ṣe bó ti wí. Múyìíwá tú ògbólógbòó kúrò, rọ́bà inú rẹ̀ ti ya bí ewé gbígbẹ. Ọkọ mi ò tíì jẹun, òun ló ń na sípánà sí i.

Nígbà tó wá jẹun tán, ó ní, "Mo fi Bàbá Àlàbá sílẹ̀ níbẹ̀." Bàbá Àlàbá tiwa, tó ń ta bàtà. Wọ́n ti mú un ṣáájú ọkọ mi.

Ìyá Àlàbá, mo rí yín létí fèrèsé yẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ ò sì gbójú sókè. Ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ilé yìí, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi kò kú. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé Ọlọ́run á ṣe é, kí n wá padà síjókòó. Ẹ dìde, Ìyá Àlàbá. Lọ́la, ní kùtù hàì, jíìpù á wà lẹ́nu ọ̀nà yín, èmi á wà nínú rẹ̀. Pọ́m̀pù rẹ̀ le koko, kò ní kú síbì kankan mọ́. Tá a bá dé iwájú ọ́fíìsì yẹn, àwa fúnra wa la máa dá a dúró.