Igun Sóyà Tí Mo Fà Tu

Ẹ fi ọ̀rọ̀ pínpín oko sílẹ̀ ná. Dókítà ti sọ fún yín pé kíndìnrín mi méjèèjì ti jáwọ́ nínú iṣẹ́, ẹ sì ti ń fojú wọn ilẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára mi. N kò bínú sí yín. Ara mi ni mò ń bínú sí. Oko ẹ̀bá títì kì í ṣe tèmi. Mo gbà á lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin, àǹtí yín tí ẹ kì í kí. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ bí mo ṣe gbà á. N kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá wa ló fún un ní oko náà kó tó kú. Àbúrò bàbá wa di olórí ẹbí, ó ní kó dá a fún ọdún mẹ́ta. Bí kò bá so, kó bọ́ sọ́wọ́ mi. Sóyà ló gbìn. Lọ́dún kìíní, àwọn ewé tuntun pọ́n rúsúrúsú, iṣan wọn nìkan ló tutù, bí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ lé ewé lórí. Igi rẹ̀ kò ga, èso rẹ̀ kò tó nǹkan. Lọ́dún kejì, bákan náà. Mo ní kó da àjílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó dà á, kò yí padà. Lọ́dún kẹta, ó já ewé, ó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Nígbà tó dé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní máńgáníìsì ni ò dé ara ewé. Ó wà nínú ilẹ̀ o, àmọ́ eérú tí Bàbá ń dà síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ti há a mọ́bẹ̀. Gbòǹgbò ò rí i fà. Ojú ewé la máa gbà bọ́ ọ.”

Àbúrò bàbá wa bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà Ewé! Ewé ti wá lẹ́nu báyìí? Ṣé ṣíbí lo máa fi bọ́ ọ ni, àbí fídà?”

“Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, sà,” ó ní. “Ẹ óò padà gbà pé ewé ń jẹun.”

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Tèmi ló pariwo jù.

Èmi ni mo ni katakata àti táǹkì ìfínko. Ó ra àjílẹ̀ olómi tó ní máńgáníìsì, ó ní kí n bá òun fín in. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti fi táǹkì yẹn fín oògùn koríko sí àgbàdo mi, oògùn tí kì í ṣe àgbàdo ní nǹkan, tó sì ń pa ohunkóhun tí ewé rẹ̀ bá fẹ̀, bíi sóyà. Ẹ mọ òfin rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ yín: ẹ fọ táǹkì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀pá àti ẹnu ìfín. Èmi tí mo kọ́ yín da omi garawa kan sí i, mo mì í, mo dà á nù. Iṣẹ́ ti sú mi. N kò tíì di olè lọ́jọ́ náà. Ọ̀lẹ lásán ni mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọ táǹkì?”

“Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ mi?”

“Mi ò kọ́ yín, sà. Mo kàn bi yín ni.”

“Mo ti fọ̀ ọ́.”

Ó gbà mí gbọ́. Ó wọn àjílẹ̀ olómi náà bí ẹni ń wọn oògùn ọmọ, ó pò ó mọ́ omi nínú àgbá. Ó kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú páǹpù tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, nítorí igun kan wà lẹ́bàá kòtò tí katakata kò lè yí. Ó da ìyókù sínú táǹkì mi. Òun fín igun yẹn, èmi fín gbogbo oko.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo lọ wò ó. Gbogbo ibi tí mo fín, ewé ti ká jọ, ọrùn igi wọ́ bí ìwọ̀. Igun tirẹ̀ dúdú minimini. Omi kan náà, àjílẹ̀ kan náà. Bí ọmọdé bá rí i, á mọ̀ pé táǹkì ló pa oko.

Òun náà ti rí i. Ó wá bá mi nílé. “Ẹ̀gbọ́n, ó ṣẹlẹ̀ náà ni. Mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún olórí ẹbí. Igun yẹn á jẹ́rìí. Mò ń lọ pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó.”

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ẹ wo aṣiwèrè! Ẹni tí mo ṣẹ̀ kò bínú, èmi tí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni mò ń bínú. Mo rí i bí wọn yóò ṣe máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún rí oko ẹ̀bá títì, bó ṣe tẹ́jú tó. Mo mú àpò, mo lọ. Mo fa sóyà igun yẹn tu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti gbòǹgbò. Òjò ti rọ̀, kò le láti fà. Mo fẹsẹ̀ pa ojú ilẹ̀ rẹ́.

Ìyá yín bá mi lẹ́yìnkùlé. Ó wo inú àpò. “Bàbá àwọn ọmọ mi, sóyà ta nìyí?”

“Kó o fún ewúrẹ́.”

Ó kó o fún wọn. Ó ní, “Mi ò rí nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ pé mo rí i.” Ó gbé àṣírí náà lọ sí sàréè.

Nígbà tí àwọn ẹbí ń lọ wo oko, mo bá wọn lọ. Àbúrò mi ló ń ṣáájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ó dé igun náà, ó dúró. “Ó wà níbí. Láàárọ̀ yìí, ó wà níbí.”

Àbúrò bàbá wa ní, “Dókítà Ewé, aláìsàn ẹ ti sá kúrò lọ́sibítù?” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀.”

Mo ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Kì í ṣe irọ́ pátápátá; wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó wo ọwọ́ mi. Oje ewé wà lábẹ́ èékánná mi. Ó rí i. Ó yí padà, ó ń lọ.

Wọ́n fún mi ní oko náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbọ́ èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ: lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ra àjílẹ̀ yẹn gan-an. Mo fọ táǹkì lẹ́ẹ̀mẹta, mo fín in. Sóyà so dé ilẹ̀. Ẹbí ní ọwọ́ mi dára. Ọgbọ́n rẹ̀ ni mo fi rán yín níwèé, nígbà tí òun ń fọ àwo nílé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé. Ó ṣì ń fọ̀ ọ́.

Mo pè é lórí fóònù lánàá. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún gbọ́?” Mo ní kò sí. Ó ní, “Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nìyẹn.” Ó pa fóònù.

Àkọ́bí mi, má gbọn orí sí mi. Mo mọ̀ pé o ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Lọ bi í bóyá ó máa gbà ọ́ láyè kó o máa sanwó ilé.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe kò pa mí. Ká ní mo sọ pé n kò fọ táǹkì, wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín fún oṣù kan. Ẹ̀rín oṣù kan ni mo sá fún.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé tó dá oko náà padà fún un. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò gbé e lọ bá a. Ẹ kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Ẹ kúnlẹ̀ lójú àwọn tó ń bá a fọ àwo, ẹ sọ ọ́ sókè pé èmi ni mo pa oko rẹ̀, àti pé àjílẹ̀ rẹ̀ dára. Bó bá lé yín, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi gbà á. Ẹ má bá mi tọrọ ìdáríjì. Mo ti jẹ oko rẹ̀. N kò ní jẹ àánú rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ dìde. Ẹ máa lọ.