Mi Ò Ní Gbin Igi Sí Ìdí Ilé Yìí

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ifangni tí ẹ fi oko àárọ̀ sílẹ̀ nítorí mi, mo dọ̀bálẹ̀. Pásítọ̀, Lèmọ́mù, ẹ̀yin òbí láti Daagbé àti Ko-Koumolou, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ gun alùpùpù wá láti Igolo, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara yín lẹ́yìn yẹn, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, mọ́kànlélógún nínú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ìtàn sì kọ́ mi pé kí n máa kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ sọ ọ̀rọ̀ mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ náà tọ̀nà.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri kíláàsì tuntun yẹn. Ẹ ti rí ihò tí ẹgbẹ́ òbí gbẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ ti rí igi ọ̀dán kékeré tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ lọ́rùn bí ọmọ tó ń lọ gba ẹ̀bùn. Àṣà wa ni pé dírẹ́tọ̀ tó bá ń lọ yóò gbin ọ̀dán sí ìdí ògiri, a ó sì máa fi orúkọ rẹ̀ pe igi náà. Alága ẹgbẹ́ òbí, Augustin ọ̀rẹ́ mi, sọ fún mi lánàá pé, "Dírẹ́tọ̀, ẹ kàn máa da omi sí i, a ó ya fọ́tò, ó parí." Augustin, kò tíì parí. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n kí n tó wọṣọ: mítà kan àti ogójì sẹ̀ǹtímítà ni ihò náà sí ìpìlẹ̀ ilé. Mi ò ní gbìn ín.

Ẹ jẹ́ kí ariwo yẹn rọlẹ̀. Mo gbọ́ ẹni tó ní, "Ṣé igi ló ń bá a jà ni?" Rárá, bàbá. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bá ilé jà.

Lọ́dún 2009, nígbà tí dírẹ́tọ̀ tó ṣáájú mi ń fẹ̀yìn tì, èmi igbákejì rẹ̀ ni mo yan ibi tí a gbin ọ̀dán rẹ̀ sí, ìṣísẹ̀ méjì sí ìdí ilé àtijọ́. Èmi ni mo di igi náà mú tí wọ́n fi kó erùpẹ̀ bò ó. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Igi náà dàgbà, ìbòòji rẹ̀ dára, abẹ́ rẹ̀ la ti ń pín ìwé ẹ̀rí. Ta ló bi í léèrè ibi tó ti ń mumi? Omi òrùlé wa ló ń mu. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀lé omi náà dé abẹ́ kọnkéré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fa ilẹ̀ pupa wa gbẹ, ilẹ̀ náà súnkì, ìpìlẹ̀ wá pàdánù ohun tó jókòó lé.

Lọ́dún 2016, mo rí ìlà kan lára ògiri kíláàsì Màdáámù Rosalie nínú ilé àtijọ́ náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo ṣe? Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i, kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Ògúntádé bíríkìlà tó jókòó níwájú yìí ló ṣe é, ó sì sọ òótọ́ fún mi lójú: "Dírẹ́tọ̀, voilà, aláìsàn lẹ fi pọ́dà kùn lójú yìí o." Mo ní kó máa ṣe iṣẹ́ tí mo pè é fún. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa lanu, èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó lẹ́nu. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín.

Nígbà tí ìlà náà tún yọ, Ògúntádé kọ́ mi pé kí n lẹ amọ̀ funfun, irú èyí tí dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, mọ́ ojú rẹ̀, kí n kọ ọjọ́ sí i: bí ilé bá ń rìn, amọ̀ náà á là. Èyí tí mo lẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì là kí oṣù kẹrin tó parí. Mo lẹ òmíràn, ó là. Mo kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2019, òjò ń rọ̀, ògiri náà wó lé àga ọmọ mẹ́rìndínlógójì. Ọjọ́ ìsinmi ló gbà wá, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ọdún mẹ́ta ni Màdáámù Rosalie fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Bí òjò bá ti ṣú, á ní, "Ẹ kó ìwé sínú ẹ̀wù, ẹ kọrin!" Rosalie, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Akọni ni yín.

Ilé tuntun yìí, ẹ̀yin lẹ ru òkúta rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ṣí i ni mo ti ń ṣọ́ ọ bí ọmọ jòjòló. A gé ọ̀dán àtijọ́. Wọ́n pè mí ní ọ̀tá ìbòòji. A fi kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ́ yí ìdí ilé ká kí omi má bàa dúró síbẹ̀. Faridatou tó ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ da omi tó fi fọ ìrẹsì sí ìdí ògiri, mo pariwo. Ó ní, "Dírẹ́tọ̀, omi ìrẹsì ni, kì í ṣe omi bátìrì!" Mo ní kó gbé e lọ sójú gọ́tà. Ó ní, "Ṣé ẹ ti fi ilé yìí ṣe ìyàwó ni?" Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ojú gọ́tà ló ń dà á sí. Faridatou, mo dúpẹ́. Dárí ohùn líle mi jì mí.

Wọ́n ti rán ẹnìkan sí mi pé bí mi ò bá gbìn ín, wọ́n á gbìn ín nígbà tí mo bá lọ tán. Ta ló máa gbìn ín? Kó dìde. Kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ọmọ tí yóò jókòó ti ògiri yẹn ní ogún ọdún sí òní. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀nà wo ló tún jìn ju ogún ọdún lọ? Àwa la dá àṣà yìí sílẹ̀, àwa náà la lè dá a dúró. Màdáámù Odile, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ipò mi, ìwé tí mo kọ àwọn ọjọ́ náà sí wà lórí tábìlì yín. Ẹ má bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní dírẹ́tọ̀ àná kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní dírẹ́tọ̀ àná ló ní kí ẹ ṣe é.

Igi náà kò ṣẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí etí pápá bọ́ọ̀lù, ọgbọ̀n mítà sí ibí, kó na ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́, kó má sì jẹ́ orúkọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rántí mi, kó wọ kíláàsì, kó fi ọwọ́ pa ògiri láti igun dé igun, kó má rí nǹkan kan.

Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ ihò tí ọmọ wa yóò kó sí. Kí òjò rọ̀, kí ilé dúró. Kí ẹ̀yin tí inú yín ń bí sí mi pẹ́ láyé, kí ẹ fi ojú yín rí i pé ògiri yìí kò lanu. Ẹ ṣé o. Augustin, jọ̀wọ́, na ọkọ́ yẹn sí mi. Kí n tó jókòó, mo fẹ́ dí ihò náà.