Àpótí Ọjọ́ Ìbí Kejì

Ṣé o ní kí n máa sọ gbogbo ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn síta? Ó dáa, Kọ́láolúwa, fi etí méjèèjì gbọ́ ọ: ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé o ò lójú àánú rárá! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀, ó gbé fóònù ńlá tó tó síléètì síwájú mi nínú pálọ̀ mi, ó fà sẹ́yìn, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó mú báírò, ó ń wò mí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ní, Kọ́lá, níbo ni kí n tẹ̀? Ó ní, "Màámi, mi ò gbọdọ̀ ràn yín lọ́wọ́, ẹ̀ ń bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò ni." Háà! Èmi tí mo bí ẹ? Ta ló ṣe òfin yẹn?

Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ pé mo ní kó o ràn mí lọ́wọ́, báírò lo gbé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí àwọn tó bí wa ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ti yí i padà, ọmọ wà nínú ilé, ọrùn àgbà ń wọ́, ọmọ ń ṣàkọsílẹ̀!

Ọdún kan ààbọ̀ lo fi ti ara rẹ mọ́ yàrá ní Ṣógúnlé, bí mo bá pè ẹ́, o ó ní ò ń kọ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni á fi lè ṣe fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní í bẹ ẹnì kan. Àwọn àpótí wà lápá òsì, ìwé òfìfo wà lápá ọ̀tún. Fọwọ́ tẹ èyí tó o fẹ́, fà á lọ sórí ìwé, sọ ọ́ kalẹ̀, ó parí. Àpótí orúkọ, fà á. Àpótí nọ́ńbà fóònù, fà á. O ní ọmọ ọdún méje lè ṣe é. Ó dáa, lọ bí ọmọ ọdún méje náà wá kó wá bá mi ṣe é! Ṣebí mo ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Má rẹ́rìn-ín. O ní o ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan. Má rẹ́rìn-ín.

O sì mọ ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsọlọ̀ máa ṣèpàdé, wọ́n sì máa yan akọ̀wé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe é! Nípàdé tó kọjá, Felicia tá a jọ wà lẹ́gbẹ́ wá dìde níṣojú gbogbo ayé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Ìyá Kọ́lá lọ sinmi, ó ní mo ti dàgbà, ó ní ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Felicia! Mo ní kò burú, mo ní kó tó di ọjọ́ ìpàdé, màá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù kálukú, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà ni màá sì fi ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ní í bá mi dá sí i. Mo ti là á mọ́lẹ̀. Bí mi ò bá wá rí i ṣe, ipò akọ̀wé ti lọ nìyẹn, ojú á sì gbà mí tì.

Àpótí orúkọ, mo fà á, ó jókòó. Iléèwé tá a ti ṣiṣẹ́, ó jókòó. Ọjọ́ ìbí, ó jókòó. Ó wá ku ẹyọ kan. Mo fà á, mo sọ ọ́ kalẹ̀, fìrì! ó ti padà sílé ẹ̀ lápá òsì. Mo tún fà á. Fìrì! Ìgbà márùn-ún, Kọ́láolúwa! Ọwọ́ tí mo fi ń fa àǹkárá yọ lábẹ́ òkìtì aṣọ lọ́jà Aswani, láàárín èrò ọjọ́ Túsìdé, ọwọ́ yẹn náà ni ò lè mú àpótí kékeré dúró? O sì ń wò mí. Mi ò ní í purọ́ fún ẹ, ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo wo ọwọ́ mi, mo ní, àbí òótọ́ ni Felicia ń sọ?

Dúró ná. Kí ni lẹ́tà pupa wínníwínní tó ń yọ nísàlẹ̀ yìí, tó tún ń sá lọ? Rárá, má sọ̀rọ̀! Gbé awò ojú mi fún mi. Ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, iṣẹ́ ni mo rán ẹ. Hẹn-ẹn. "Àpótí... ọjọ́ ìbí... ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kò lè fi òmíràn kún un." Kí ni?

Kọ́láolúwa Akínfẹ́mi! Kì í ṣe ọwọ́ mi! Ìwọ lo ní kó máa dá a padà! Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń bí tíṣà? Ṣé o ò mọ̀ pé méjì méjì ni gbogbo wa ní? Èyí tí ìjọba mọ̀, tí bàbá wa lọ búra sí ní kóòtù. Àti èyí tí ìyá wa mọ̀, tá a fi ń gbàdúrà, tá a fi ń mọ ẹni tó yẹ ká kúnlẹ̀ kí. Bá a bá kọ ti ìjọba nìkan, màá máa pe ẹ̀gbọ́n mi lábúrò. Ti òótọ́, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ló ń gbé, láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ti ẹnì kankan lẹ́nu mi. Ìwọ ọmọ tíṣà, ìwọ lo wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Ṣí kọ̀ǹpútà rẹ, tún un ṣe. Nísinsìnyí. Mi ò lọ ibì kankan.

Ó ti tán? Kò ju báyẹn lọ, o wá jẹ́ kí n máa làágùn? Sún sẹ́yìn. Mo fà á... mo sọ ọ́ kalẹ̀... Ó jókòó! Kọ́lá, wò ó, ó jókòó! Wo ọwọ́ mi, ṣé ó gbọ̀n?

Fi í ránṣẹ́. Felicia ni kó kọ́kọ́ lọ bá. Kó kọ ti ìjọba sókè, kó kọ ti òótọ́ sísàlẹ̀, bó bá sì kọ ọ́ tán, kó wá rò ó wò dáadáa, bóyá akọ̀wé tó ń bá a pa àṣírí ẹ̀ mọ́ ló fẹ́ yọ nípò!