Ta Ni Bàbá Hattie?

Rárá, Royce, jókòó. O ò tíì jẹun tán, èmi náà ò tíì sọ tẹnu mi tán, torí náà kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kan nínú wa.

"Ẹṣin àtijọ́ kan." Ohun tó o sọ nìyẹn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, lójú gbogbo Kentucky, ọmọbìnrin oníròyìn yẹn rọra bi ọ́ pé ta ni bàbá ìyá ẹṣin wa tó borí eré Sátidé, ìwọ àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà, o ti fìlà sẹ́yìn, o ní, "Ẹṣin àtijọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi ní." Ṣé kò lórúkọ ni? Òjò Àárọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà lẹ́yìn ilé yìí, ìwọ gan-an lo bá mi gbẹ́ ibi tí a sin ín sí ní oṣù kìn-ín-ní, tí ilẹ̀ dì bí òkúta, tí ẹ̀yìn fi dùn ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀yìn ò gbàgbé, ẹnu ló wá gbàgbé?

Mo mọ̀, mo mọ̀. Ìwọ lo yan akọ tó gun Hattie, ìyá ẹṣin tó borí. Mi ò jiyàn. O ka ìwé, o wa ọkọ̀ lọ sí ìlú Versailles níbí lẹ́ẹ̀mẹta, o yan akọ olókìkí. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ akọ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń sáré? Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ìbẹ̀rẹ̀ eré tán wọ́n ti wà níwájú. Tó bá wá ku díẹ̀ kí wọ́n dé òpin ńkọ́? Wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà. Ìwọ náà lo sọ ọ́ fún mi, lórí tábìlì yìí. Tiwa ní Sátidé, ipò keje ló wà nígbà tí wọ́n yí igun ìkẹyìn, ibẹ̀ ló ti ń rẹ àwọn yòókù, ibẹ̀ ni tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọrùn bí ẹni tó jí lójú oorun. Níbo ló ti rí ìyẹn? Lára bàbá tí kò lè sáré kọjá máìlì kan?

Máa rẹ́rìn-ín. Ó mọ́ ọ lára.

Nígbà tí Dwight ọkọ mi mú Òjò Àárọ̀ wálé láti máa fi bímọ, ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò lè sá fún òjò. O pè é ní Màlúù Dwight. Kò pẹ́ tí àwọn tó ní abo ẹṣin ní Bourbon County fi yà kúrò lọ́dọ̀ wa, Dwight sì kú láìrí ẹnì kan kó yin ẹṣin rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú o bá mi níwájú ilé, o ní, "Lorene, tà á, tàbí ká tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kó máa gbé àwọn ọmọdé kiri." Mi ò tà á. Nígbà tí eyín rẹ̀ tán, mo ń rẹ oúnjẹ rẹ̀ sómi gbígbóná láràárọ̀, torí mo ti rí ohun tí ìwọ ò rí. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ò mọ eré sá, òótọ́ ni. Hattie sá eré mẹ́rin, ó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú ìkẹyìn a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọkọ̀ wa kó tó dé. Ṣùgbọ́n àyà wọn fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn àbà, tí wọ́n bá sì bímọ, ọmọ yẹn á sáré. Àkọ́bí Hattie sáré. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tí a tà sí Ohio sáré. Bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní. Ìwọ tó o mọ ìwé ìran ẹṣin kà, kí ló dé tó jẹ́ ìlà òkè, ti àwọn bàbá, nìkan lò ń kà?

Kí lo wí? Oníròyìn ń kánjú? Ọ̀rọ̀ méjì ni, Royce. Àyè gbà ọ́ láti sọ̀rọ̀ fìlà rẹ, o ní fìlà oríire ni.

Mo ti pe ìyàwó pásítọ̀. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n Dwight ní Tennessee pé kó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fẹ́ dárúkọ ẹṣin Dwight. Nígbà tó o sọ̀rọ̀ tán, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Gbójú sókè. Mi ò bínú mọ́. Láti Mọ́ńdè, èèyàn márùn-ún ló ti pè mí, kò sẹ́ni tó béèrè akọ tó o yàn, ọmọbìnrin Òjò Àárọ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Méjì péré ló kù, inú ọgbà mi ni wọ́n wà. Ìwọ náà, ohun tó o tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn, o kì í wá jẹ ẹ̀wà mi lásán lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Ó dára, mú àbúrò Hattie lọ bá akọ tó bá wù ọ́.

Ṣùgbọ́n abo pupa kékeré yẹn, ọmọ Hattie, àbúrò ẹṣin tó borí, tó o láwọn orúkọ mẹ́ta nílẹ̀ fún, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo ti kọ orúkọ tèmi ránṣẹ́ sáwọn tó ń forúkọ ẹṣin sílẹ̀, wọ́n sì ti fèsì láàárọ̀ yìí pé àwọn gbà á. Lọ́dún tó ń bọ̀, tó bá jáde sórí pápá, ẹni tó ń kéde eré á máa fi ẹ̀rọ pariwo orúkọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ayé á gbọ́.

Royce Gbàgbé.

Ó dùn pè, àbí?