Jọláadé Inú Ìwé Ló Ká Mi Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ojú ń tì mí, ẹ má sì bínú pé obìnrin inú ìwé ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Jọláadé lorúkọ rẹ̀, opó ni. Nígbà tí èmi àti Bísí ọ̀rẹ́ mi wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Kétu, ìwé kan ṣoṣo la jọ ń kà. A fi Jọláadé ṣe yẹ̀yẹ́ títí! A ní agbéraga ni, pé ọkọ rẹ̀ kú tán ló wá tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni Tolú ọmọ mi gbé ìwé náà wálé fún ìdánwò, mo bá tún un kà. Háà! Jọláadé ò tilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kankan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ò kanlẹ̀kùn mọ́. Ó sin ọkọ, ó sin ọmọ lé e, ẹni tó finú hàn ló tún lọ tú àṣírí rẹ̀ káàkiri. Síbẹ̀, bó bá sebẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, á bu ti àwọn ọ̀rẹ́ náà sọ́tọ̀. Ẹ wo obìnrin dáadáa! Mo bú sẹ́kún. Tolú ní, "Mummy, ṣebí story lásán ni?"

Kì í ṣe lásán. Ọdún mẹ́rin rèé tí ọkọ Bísí kú. Àwọn obìnrin ìjọ wa ní, "Mummy Tolú, ẹ ṣọ́ra o, opó tó rẹwà báyìí ò gbọ́dọ̀ máa wọlé yín wọ́ọ́rọ́wọ́." Èmi òpònú sì gbọ́! Ní ẹ́sítéètì wa n'Íkòsí, àlejò ò lè wọlé àfi tí onílé bá fi nọ́ńbà ìwọlé ránṣẹ́ sí i. Mi ò fi ránṣẹ́ sí Bísí mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dúró ní géètì pẹ̀lú ìrẹsì Ọ̀fàdà tó gbé bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ó pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gbé e. Ó bẹ mégáàdì kó bá òun gbé ìrẹsì náà fún mi. Mo sè é, a jẹ ẹ́, ó tún dùn. Wọ́n ní ìgbà ìpọ́njú là á mọ̀rẹ́. Irú ọ̀rẹ́ wo wá lèmi?

Ní Sátidé, mo ṣọkàn akin, mo pè é. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé e. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kò sí o? Ara Daddy Tolú le?"

Ọkọ tí mo torí ẹ̀ sá fún un ló kọ́kọ́ bèèrè! Mo ní ara rẹ̀ le, mo sì pa fóònù nítorí ẹkún. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹnu wo ni kí n fi sọ fún Bísí pé òun ni mo rò pé ó fẹ́ gba ọkọ yẹn?