Ojú Kànga ní Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti dá, ṣùgbọ́n ara ògiri ṣì tutù, kùrukùru sì bo ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá na ọwọ́ síwájú kò rí ìka ara rẹ̀ dáadáa. Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ tí ìjọba fi sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn yà wá gbọ́ tiwa lábẹ́ àtíbàbà yìí, ẹ fi àkókò yẹn sọ́kàn. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni wáàsí wa lónìí, àti àmáná, ìyẹn ohun tí ènìyàn fi sí ìkáwọ́ rẹ tó sì lọ sùn, nítorí pé ọwọ́ rẹ ló wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sọ méjèèjì nù.

Bàdírù ni orúkọ rẹ̀. Lébìrà ni lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ìrókò. Òun ló ń po sìmẹ́ńtì, òun ló ń ru búlọ́ọ̀kù gun àkàbà. Kì í fi ìrun ṣeré. Ẹ má rò pé ènìyànkénìyàn ni mo mú wá bá yín o. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó ń ṣáájú ládánì dé mọ́sálásí. Ṣé ẹ rí ṣàìtáánì, kì í wá ẹni tó ti wà nínú àpò rẹ̀ kiri. Ẹni tó wà ní ìlà iwájú ló ń wá.

Agboolé Oníkòkò ni Bàdírù ń gbé, òun àti Rìsìkátù ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ wọn obìnrin, Sẹ̀kínátù, tí kò tíì pé ọdún kan. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn àti Ìyá Ẹfúntóyìn. Olórìṣà ni Ìyá yìí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, aṣọ funfun ló sì máa ń wọ̀, ọjọ́ ọdún, ọjọ́ lásán. Kànga kan ni gbogbo agboolé ní. Omi tí Bàdírù fi ń ṣe alùwàlá, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Omi tí Ìyá fi ń bọ òrìṣà rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni. Kànga kì í bi ẹnikẹ́ni pé ẹ̀sìn wo lo ń ṣe.

Àṣà kan wà ní ilé àwọn Ìyá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún wọn, kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá ni yóò pọn omi àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti kúrò nílé títí tí yóò fi gbé omi náà kalẹ̀ níwájú òrìṣà, kò gbọdọ̀ fọhùn. Bí ó bá fọhùn, omi náà ti bàjẹ́, dídà ni yóò dà á nù, ìkòkò tó fi ń pọn ọ́n yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn títí ayé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá ti ń pọn ọ́n. Kí ìjọba tó ronú kan ọlidé Ìṣẹ̀ṣe rárá ló ti ń pọn ọ́n, kò sì fọhùn rí.

Gbogbo agboolé ló mọ̀. Wọ́n á kàn yà fún un ni, ìmàle àti onígbàgbọ́. Bí Bàdírù bá ń bọ̀ láti ìrun àsùbáà tó bá a níbi kànga, á bá a gbé ìkòkò náà rù, nítorí ọrùn àgbà kò lè dá a gbé mọ́. Kò ní sọ̀rọ̀, Ìyá náà kò ní sọ̀rọ̀, kálukú á bá tirẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà pé ni ojú kànga là. Kọnkéré àtijọ́ tí wọ́n dà bo ẹnu rẹ̀, tí àwọn tó ń fami ń tẹ̀ kọjá, ni; irin inú rẹ̀ ti dípẹtà. Àwọn obìnrin agboolé ké sí Bàdírù. Ó wò ó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní kó tó di Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, òun yóò fọ́ ọ, òun yóò da tuntun sí i, pé òun ní àpò sìmẹ́ńtì kan nílé. Àwọn obìnrin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fọkàn balẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: wọ́n fọkàn balẹ̀. Àmáná nìyẹn. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ti fọkàn balẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, o ti jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ọlidé gba ẹnu gbogbo ìlú. Níwájú mọ́sálásí, àwọn kan ní ìjọba fẹ́ sọ gbogbo ayé di abọ̀rìṣà. Àwọn àgbà kan ní ká fi wọ́n sílẹ̀, pé àwa náà ní Iléyá, àwọn onígbàgbọ́ ní Kérésìmesì, ẹni tó bá sì tú ìdí ara rẹ̀ wò yóò rí ohun tí baba ńlá rẹ̀ ń bọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, pápá tí wọn yóò ti gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ohùn rẹ̀ sì ga jù, tó ń pè é ní ọlidé kèfèrí, òun ló kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, pé òun fẹ́ sùn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ó kù díẹ̀ kí n pe orúkọ àwọn kan níhìn-ín.

Ọ̀rẹ́ Bàdírù kan wà tó ń jẹ́ Súbérù. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìrun. Ó ní òun gbọ́ pé ó fẹ́ tún kànga ṣe. Ó ní, "Ta ni yóò kọ́kọ́ fami níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún wọn? Bí o bá tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ọdún wọn lo tún un ṣe fún. Jẹ́ kó kọjá ná. Ìwọ náà tí o tún ń gbé omi òrìṣà ru ènìyàn, ọwọ́ tí o fi ń ka tẹ̀súbáà náà ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàdírù lára. Ṣé ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan ló mú kó gbà á? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iwájú Ọlọ́run la wà. Ẹ̀yìn ń dun Bàdírù lọ́sẹ̀ náà. Ó ti ru búlọ́ọ̀kù láti ọjọ́ Ajé, ó sì rẹ̀ ẹ́ láti padà wálé wá tún fọ́ kọnkéré. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn ló ń dà á láàmú, lìmọ́mù wà nítòsí, kí ló dé tí kò lọ bi í léèrè? Ó mọ ohun tí lìmọ́mù yóò sọ ni. Ó wá mú ẹ̀sìn bí aṣọ ìbora, ó fi bo ọ̀lẹ. Jímọ́ọ̀ dé, Jímọ́ọ̀ lọ. Àwọn obìnrin bi í, ó ní ó di ẹ̀yìn ọlidé. Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ ibẹ̀.

A ti wá dé òwúrọ̀ yẹn. Bàdírù ń bọ̀ láti mọ́sálásí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́. Ó rí funfun nínú kùrukùru. Ìyá Ẹfúntóyìn ló dúró sí òdìkejì kànga, ìkòkò omi rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún. Bí ó ti rí Bàdírù, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi pè é.

Bàdírù dúró. Ọkàn rẹ̀ ní kó lọ bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbéra. Ìyá tún fi ọwọ́ pè é, ó na ìka sílẹ̀. Bàdírù wo ibi tó nà án sí, ìkòkò ni ó rí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹrù náà ló ń pe òun sí, bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ó gbójú kúrò. Ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá, "Ìyá, ẹ má bínú. Èmi kì í gbé omi òrìṣà ru ènìyàn mọ́."

Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, nítorí kò síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé láádá ni àwọn màláíkà ń kọ fún òun.

Ìyá kò lọ. Ìbá rọra fa ìkòkò náà mọ́ra, ìbá máa gbé e, ìbá máa sinmi lọ́nà títí yóò fi délé. Kò sẹ́ni tí ìbá bá a wí. Ó dúró síbẹ̀ nínú òtútù.

Kò pẹ́, Rìsìkátù jí, ó pọn ọmọ, ó mú garawa. Bàdírù sọ fún un láti orí ẹní pé bó bá bá Ìyá níbi kànga, kó má bá a gbé nǹkan kan rù.

Rìsìkátù ní, "Bàbá Sẹ̀kí, àgbàlagbà mà nìyẹn." Ó sì jáde.

Bàdírù ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó gbọ́ pé ó kí Ìyá. Ó gbọ́ tí bàtà náà ń yára, ó sì mọ̀ pé ìyàwó òun kò gbọ́ràn, pé ó ń gba orí ojú kànga kọjá lọ bá Ìyá gbé ẹrù. Inú bí i. Ó fẹ́ dìde bá a wí. Nígbà náà ni ó gbọ́ ohùn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Rìsìkátù, dúró! Má tẹ̀ ẹ́, ó ti já!"

Lẹ́yìn ohùn náà, nǹkan wó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí omi tó dáhùn nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ láya nílé, ẹ ẹ̀ nílò kí n sọ bí Bàdírù ṣe dé ìta. Láìwọ bàtà ni. Ó bá Rìsìkátù lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, níhìn-ín, ní apá ibi tó ti wá. Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Garawa ti lọ. Ìdajì ojú kànga ti lọ, ihò náà sì fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Ibi tí Rìsìkátù ìbá gbé ẹsẹ̀ kejì lé gan-an ló di òfìfo. Ìyá dúró ní òdìkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé ó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà sínú.

Àwọn ará ilé Ìyá ti jáde nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n tò nínú aṣọ funfun. Ìyá tẹ ìkòkò náà, ó da omi rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ó pe ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ó gbé ìkòkò fún un.

Ó ní, "Mo fọhùn."

Ìyẹn gba ìkòkò, ó ń sunkún. Odò ni wọn yóò lọ báyìí, ó sì jìnnà. Àlejò ìjọba tó wá síbi ọdún wọn lọ́sàn-án jókòó títí, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, àwọn èrò sì ń kùn pé àwọn oníṣẹ̀ṣe kò mọ àkókò.

Bàdírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ níwájú Ìyá. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí bóyá ó tọ́ kí mùsùlùmí dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn. Ẹ bi mí lọ́la. Bàdírù ní òun rò pé omi ni Ìyá ní kí òun wá gbé rù ú ni.

Ìyá dá a lóhùn. Ó ní, "Bàdírù, ọdún tí o ti ń gbé e rù mí, ṣé mo ní kí o bá mi bọ ọ́ rí?"

Ó ní rárá.

"Mo gbé ìkòkò kalẹ̀, ojú kànga mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Mo ń fi hàn ọ́ nítorí ìwọ lo ní o máa tún un ṣe. Dìde, ọmọ mi, lọ wo ìyàwó rẹ."

Kò bú u. Èébú ìbá san fún Bàdírù.

Ó sáré wọlé lọ tú àpò sìmẹ́ńtì. Ọ̀rinrin ti mú un, ó ti di òkúta látòkè délẹ̀. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ọlidé ni.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má lọ sọ pé mo ní kí ẹ lọ bọ òrìṣà. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. A kì í jẹ ohun tí wọ́n pa fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́run, a kì í forí balẹ̀ fún ohun tí Ọlọ́run dá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé kí a fi àdéhùn sílẹ̀ nítorí pé ẹni tí a bá ṣe é kì í kírun? Aládùúgbò ni Ànábì wa kọ́ wa láti máa tọ́jú, kò ní kí á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sìn rẹ̀ wò. Obìnrin yẹn fi ohun tó ṣe iyebíye jù fún un nínú ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá ìmàle àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kú sínú kànga. Kí ni Bàdírù fi sílẹ̀? Oorun ọlidé ni kò lè fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọn yóò bi í léèrè, ṣé yóò ní Súbérù ló ní kí òun má ṣe é?

Ọlọ́run Ọba, má jẹ́ kí á fi orúkọ rẹ bo ìwà wa. Bí aládùúgbò wa bá ń juwọ́ sí wa, fún wa ní ojú tí a ó fi rí ohun tó ń fi hàn wá. Àmáná tó wà lọ́wọ́ wa tí a ti gbàgbé, rán wa létí rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá, kí o sì dá wa dúró lórí rẹ̀. Áámíìn.

Lọ́jọ́ náà, Bàdírù ní tirẹ̀ gbé àpótí kan jáde, ó gbé e sí ojú ọ̀nà kànga, ó jókòó lé e, ó sì ń dá gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá pọnmi padà.