Oògùn Tí Mo Pò Mọ́ Ọkà Afínjú

Ẹ jókòó. Dókítà àwọn ẹṣin, ẹ fa àga yẹn súnmọ́ ibùsùn, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá. Ọmọ mi, ìwọ náà fi ọ̀pá rẹ ti ògiri, kí o jókòó. Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní pẹ́ dákẹ́, n kò sì fẹ́ kó dákẹ́ kí n tó sọ ohun tí mo ti gbé pamọ́ sínú fún ọdún méjìlá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti bá mi, orí ibùsùn ló sì ká mi mọ́. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá dánu dúró, èémí ni mò ń wá, kì í ṣe irọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin méjèèjì mọ Afínjú, ẹṣin pupa tí kì í ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Ọmọ mi, èmi ni mo bá ọ yàn án lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ kú, tí mo di bàbá, tí mo di ìyá fún ọ. Èmi ni olórí àwọn olùtọ́jú ẹṣin nígbà náà, ní ọgbà tí o ti ń kọ́ ẹṣin gígùn. Kò sí ẹṣin tó tiro nínú ọgbà yẹn tí wọn kì í kọ́kọ́ pè mí kí wọ́n tó pe dókítà. Ojú-Kì-í-Tàsé ni wọ́n ń pè mí, èmi òmùgọ̀ sì gbà á gbọ́.

Nígbà tí Afínjú pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le láàárọ̀. Á máa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, tó bá rìn díẹ̀, á nà. Dókítà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ nígbà náà ni. Ẹ ní kí n fà á sáré díẹ̀ lórí kọnkéré, nítorí ilẹ̀ líle kì í bo ìrora mọ́lẹ̀: bí ẹsẹ̀ tó ń dun ẹṣin bá ti kanlẹ̀, orí rẹ̀ á ta sókè. Orí Afínjú ń ta sókè. Ẹ ká orúnkún rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ní, "Ó jọ làkúrègbé, ó ti wọ oríkèé. Kì í ṣe pé ayé rẹ̀ ti bàjẹ́ o. Ẹ máa rìn ín jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ rírọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má jẹ́ kó sanra jù. Ẹ ṣì lè gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fo igi tí wọ́n ń dábùú ọ̀nà fún ẹṣin mọ́, orúnkún yẹn lè yẹ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Dókítà, mo ti ń wẹ ẹṣin kí wọ́n tó bí yín. Ọ̀lẹ ló ń ṣe eléyìí." Gbogbo wọn bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ kò bínú. Ẹ ní ẹ ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tó bá ṣì ń tiro, ẹ ó ya àwòrán egungun rẹ̀, kí a tó jọ pinnu. Ìwọ ọmọ mi wò mí, o ní, "Bàbá, ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe." Ìdíje fífo igi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi mọ̀ pé dókítà ló tọ̀nà. Mo gbé ọwọ́ lé oríkèé náà, ó gbóná, ó sì wú. Kí n wá lọ bá yín, ọmọbìnrin tó kéré sí mi tó bẹ́ẹ̀, kí n sọ pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, mo po oògùn ìrora mọ́ ọkà rẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ, mo da omi ṣúgà lé e kó má baà mọ̀ pé ó korò. Ẹṣin tí kì í jẹ oúnjẹ tí òórùn rẹ̀ bá yí padà, ó jẹ ẹ́ tán nítorí pé ọwọ́ mi ló gbé e wá. Ọmọ mi, olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní ẹṣin gígùn ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ ń pò yẹn?" Mo ní, "Oògùn aràn ni." Ó wo ike oògùn náà, ó wo ojú mi. Ó ní, "Èmi ò rí nǹkan kan o," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Afínjú sáré lórí kọnkéré bí ọmọ ẹṣin. Ẹ ní kí n fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orí rẹ̀ kò mì. Ẹ wá sọ létí gbogbo ènìyàn pé, "Bàbá, ẹ má bínú, mo yára sọ̀rọ̀." Ṣé ẹ rántí èsì mi? Mo ní, "Kò burú, ẹ ṣì máa dàgbà." Èmi ni mo dárí jì yín! Ẹ gba ìwé, ẹ kọ ọ́ pé ó lè fò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo tún po òmíràn. Mo di gàárì fún un fúnra mi, mo gbé ọ gùn ún. Ó fo igi kìíní, ó fo ìkejì. Nígbà tó balẹ̀ lẹ́yìn ìkẹta, orúnkún náà yẹ̀, ẹ sì jọ wó lulẹ̀, ó ṣubú lù ọ́ ní ìbàdí. Ẹsẹ̀ náà kò ṣeé tò mọ́. Dókítà, ẹ̀yin lẹ gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò fi jí mọ́, ẹkún lẹ ń sun. Ìwé tí ẹ kọ ni wọ́n nà sí yín lójú nígbà tí àwọn aláṣẹ ọgbà lé yín lẹ́nu iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀. Mo ń mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú yín.

Ẹ rò pé èyí ló burú jù? Ó kù. Ọmọ mi, ọjọ́ kẹta lo tó lajú ní ọsibítù. Ohun tí o kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá, ṣé mo fa ìjánu jù ni?" Bí mo bá ti dákẹ́ ni, ìbá sàn. Mo ní, "O fà á jù, ọmọ mi. Má da ara rẹ láàmú, ó ń ṣẹlẹ̀." Ẹyin lohùn. O wo ọwọ́ rẹ méjèèjì, o ní, "Ọwọ́ mi ló pa á nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, o kò fọwọ́ kan ẹṣin mọ́. Nígbà tí o bímọ, ọkọ rẹ lò ń pè kó wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, o ní ọwọ́ rẹ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo gbọ́ ọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń mu tíì.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, bí ẹni tó kéré sí yín bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ gbà. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Dókítà, mo bẹ̀ yín, mo ti ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i, ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti bà yín lórúkọ jẹ́.

Ọmọ mi, o ti dìde. N kò ní kí o dárí jì mí lónìí, bí o bá sì fẹ́ lọ, lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí ná. Ojú mi kò kúrò lára rẹ láti igi kìíní. O kò fa ìjánu rárá. Ọwọ́ rẹ rọ̀, ó dúró ṣinṣin. Èmi ni mo pa ẹṣin rẹ. Bí o bá délé, gbé ọmọ rẹ.